Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Ẹ̀kọ́ fún ìjókòó ọ̀dọ́ ti oṣù yìí



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀dá láti máa rìn lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Mùhámmádù, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kúrò ní ìlú tí wọ́n ti bí i, tó lọ gbé láàárín àwọn ará Mẹ̀dínà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ́ ní oṣù yìí wà lẹ́nu púpọ̀ nínú yín. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, agbo ilé wo ni a ó wọ̀ tí a kò ní bá ọ̀dọ́ kan tó ń múra àtilọ sókè òkun tàbí sí ìlú mìíràn ní Áfíríkà? Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé: báwo ni a ó ṣe dé ibẹ̀? Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè: bí a bá débẹ̀ tán, irú àlejò wo ni a ó jẹ́?

Àwọn àgbà sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Wọn kò fi bú àlejò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú lè máa wo ohun gbogbo kí ó má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ó di àléébù nígbà tí ó bá pé ogún ọdún tí a ti ń gbé ìlú náà, tí ojú wa kò sì tíì là. Ẹ̀kọ́ wa dá lórí bí àlejò ṣe lè fi ojú rẹ̀ ríran.

Ìlú tí àlejò kọ́

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ìlú tó yẹ kí ó mọ ọ̀rọ̀ àlejò tó Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n wá dó síbí. Ìba Olúyọ̀lé, ẹni tí a fi oyè rẹ̀ pe ọjà wa ní Ọjà Ìba, èyí tó di Ọjà'ba lẹ́nu wa, Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ti bí i. Nínú àwọn àlùfáà tó kọ́ àwọn baba ńlá wa ní kéwú, ọ̀pọ̀ ló ti ìlú mìíràn wá.

Nígbà tí reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, àlejò tún pọ̀ sí i. Ní 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa tí wọ́n ń ṣòwò obì àti màlúù, ibẹ̀ sì ni Sábó títí di òní. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Bí a bá wádìí agbo ilé wa dáadáa, púpọ̀ nínú wa ni a ó rí i pé àlejò ni ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìdí rẹ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá jáde láti Ìbàdàn lọ gbé ìlú mìíràn kò ṣe ohun tuntun. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ ìlú wa ni òun náà ń gbà jáde. Láti mọ bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí, ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn àwọn èèyàn wa ní Gáná, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ pọ̀.

Àwọn èèyàn wa ní Gold Coast

Ọ̀nà Gáná kì í ṣe ọ̀nà àná. Obì gbànja tí a ń pín níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó wa, orúkọ Gonja ni àwọn onímọ̀ so orúkọ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ kan ni Gonja jẹ́ ní àríwá Gáná. Ìlú Salaga tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọjà obì ńlá ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ Hausa àti láti apá ibí wá síbẹ̀.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lórí Nàìjíríà àti Gold Coast, ọ̀nà náà rọrùn sí i. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Kumasi láti Sekondi ní 1903. Kòkó ń mú owó wọlé, wọ́n sì ń wa dáyámọ́ǹdì ní Akwatia. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ya lọ nìyẹn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ṣakí, Ìgbòho àti Inísà wà lára àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ará Èjìgbò ní tiwọn pọ̀ sí Abidjan ní Côte d'Ivoire.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnìkan yóò kọ́kọ́ lọ, yóò pàtẹ ọjà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́: abẹ́rẹ́, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ, ọṣẹ, àwo. Bí ó bá rọ́wọ́ mú, yóò ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé. Àbúrò yóò sin ẹ̀gbọ́n fún ọdún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n yóò sì fún un ní ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà ìlú náà bá ti kún, àbúrò kò ní jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò tẹ̀ síwájú lọ sí ìlú tí Yorùbá kò tíì pọ̀ sí. Báyìí ni wọ́n ṣe tàn ká láti etíkun dé Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké ìhà àríwá. Àwọn obìnrin kò kẹ́yìn. Ọkọ máa ń fún ìyàwó ní owó tí yóò fi dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì di oníṣòwò ńlá láyè ara wọn.

Wọ́n kọ́ mọ́sálásí, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ní Accra, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà náà nítorí àwọn tó ń gbébẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gáná ní 1960, àwọn Yorùbá ibẹ̀ tó 100,000.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá

Gáná gba òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1957. Láti ìgbà náà, ohun tó jẹ́ ilẹ̀ ọba kan náà tẹ́lẹ̀ ti di orílẹ̀-èdè méjì. Ní 1963, wọ́n ṣe òfin lórí àjèjì, pé kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú gba ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ lójú ọjà. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa rò pé ẹni tó ti wà nílùú fún ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n, ìwé kí ni yóò tún máa gbà?

Láàárín ìgbà náà, nǹkan le fún Gáná. Owó kòkó wálẹ̀, gbèsè ìjọba pọ̀, iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́. Bí nǹkan bá le báyìí, ojú àlejò ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Inú oṣù Ààwẹ̀ Rọmọdáànù sì ni.

Ẹ fi ojú inú wo ó. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, báwo ni yóò ṣe ta á ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí gbogbo àwọn bíi tirẹ̀ ń tà lọ́jọ́ kan náà? Ẹni tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jẹ ní gbèsè, ta ni yóò bá a gbà á? Àwọn ọmọ wà tí wọ́n bí sí Kumasi tàbí Tamale, tó jẹ́ pé Twi tàbí Dagbani ni wọ́n fi ń ṣeré, tí wọn kò rí Nàìjíríà rí. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ń fi sílẹ̀ gan-an ni ilé tí wọ́n mọ̀.

Kò tọ́ kí á jókòó ní Ìbàdàn lónìí kí á máa dá wọn lẹ́bi. Àṣẹ náà le, kò sì bèèrè ẹni tó níwà àti ẹni tí kò níwà. Ṣùgbọ́n a lè kọ́gbọ́n. Ọdún mẹ́fà ni òfin ìwé ìgbélùú fi wà nílẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn tó dé. Ẹni tó mọ ọjà dáadáa, àmọ́ tí kò mọ òfin ìlú tó ń tajà, kò tíì mọ ìlú náà.

Onírìn-àjò àti olùgbé

Ẹ̀sìn wa ti fi ìyàtọ̀ kan hàn wá tó yẹ kí á fi sọ́kàn. Onírìn-àjò ní àǹfààní láti dín ìrun rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pinnu láti máa gbé ibì kan, ó ti di olùgbé nìyẹn, ìrun rẹ̀ sì di odindi. Ìrọ̀rùn àjò ti kúrò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbígbé ní òkèèrè rí. Ẹni tó lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lè máa sọ pé òun kò gbọ́ èdè, òun kò mọ òfin, òun kò mọ̀nà. Ẹni tó ti gba ilé, tó ti ń bímọ níbẹ̀, kò lè fi ọ̀rọ̀ onírìn-àjò dáhùn mọ́. Odindi ni ojúṣe rẹ̀ sí ìlú náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń gbé ìlú bí olùgbé, kí á sì máa mọ̀ ọ́n bí onírìn-àjò.

Nígbà tí àwọn Mùhájìrúúnà dé Mẹ̀dínà, ará ìlú náà kan fẹ́ pín ọrọ̀ rẹ̀ sí méjì fún Abdur-Rahman ọmọ Awf. Ó ṣe àdúà fún un, ó sì ní kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé kí èèyàn má ya ọ̀lẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: ohun àkọ́kọ́ tí ó bèèrè ni ọ̀nà. Ó fẹ́ mọ ìlú tí òun wá gbé.

Ilẹ̀ kan, ẹkùn púpọ̀

Ẹni tó bá sọ pé òun mọ Gáná nítorí pé òun mọ ọjà kan ní Accra dà bí ẹni tó dé Mápó, tó gun òkè, tó wo òrùlé tó dípẹtà, tó sì ní òun ti mọ Nàìjíríà. Gáná pín sí ẹkùn 16 láti ọdún 2019; mẹ́wàá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Kí ni ojú tó ń ríran yóò rí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á mú mẹ́rin wò.

Àkọ́kọ́ ni etíkun. Àwọn Ga ló ni Accra. Bí a bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dé Cape Coast àti Elmina, níbi tí àwọn Potogí ti kọ́ ilé olódi ní 1482. Inú ihò irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí kí ọkọ̀ tó gbé wọn kọjá òkun. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà mọ́.

Èkejì ni ilẹ̀ Àṣáńtì, tí Kumasi jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ ní orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i: ọkùnrin tí wọ́n bí ní Jímọ̀ ni Kofi, obìnrin ni Afua. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àlejò ni pé ìdílé ìyá ni wọ́n ń tọ̀. Nínú àṣà wọn àtijọ́, ọmọ arábìnrin olóògbé ló ń jogún, kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ní 1985, ìjọba ṣe òfin tó fún opó àti ọmọ ní ìpín nínú ogún ẹni tó kú láìkọ ìwé ìhágún. Ẹ̀yin arábìnrin àti arákùnrin wa, ẹ rò ó wò: ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ibẹ̀ láìmọ èyí, ọjọ́ tí òkú bá sùn nílẹ̀ ni yóò tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ẹkùn Volta ní ìlà-oòrùn, ilẹ̀ àwọn Ewe. Nígbà tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo, iṣẹ́ tó parí ní 1965, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ̀ jù lọ lágbàáyé nínú èyí tí ọmọ èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Omi bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé, àwọn ará ibẹ̀ sì di àlejò lórí ilẹ̀ baba wọn. Iná mànàmáná tí gbogbo ìlú ń lò, ẹnìkan ló san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àríwá. Mùsùlùmí pọ̀ ní Tamale, Dagbani sì ni èdè wọn. Wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Damba, oṣù Máólúdì ló sì máa ń bọ́ sí. Ní Larabanga, mọ́sálásí kan wà tí wọ́n fi amọ̀ àti igi kọ́, tí wọ́n fi ẹfun kùn, ó sì wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ìlú ńlá wọn, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí ni wọ́n ń pè ní Zongo. Hausa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí Sábó ṣe ti inú Hausa wá. Ọmọ Ìbàdàn tó bá dé Zongo Kumasi yóò rí i pé ohun tí Sábó jẹ́ fún àwọn Hausa lọ́dọ̀ wa ni Zongo jẹ́ fún àwọn èèyàn wa lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ tó bá gba Ṣẹ̀mẹ̀ jáde yóò la Kùtọnu àti Lómè kọjá kí ó tó dé Aflao. Ẹni tó bá yà gba òkè ní ilẹ̀ Benin yóò bá àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa. Ní Atakpamé ní Tógò pẹ̀lú, àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun.

Ẹni tó rìn, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀

Àwọn Mùsùlùmí ní àpẹẹrẹ ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1325, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógún kan kúrò ní Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò láti lọ ṣe Háájì. Ibn Battuta ni orúkọ rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún kí ó tó tún padà rí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe adájọ́ ní Delhi ní ilẹ̀ Índíà àti ní erékùṣù Maldives. Ní 1352 ó la aṣálẹ̀ kọjá wá sí ilẹ̀ Mali, ó sì wà níbẹ̀ di 1353.

Ẹ wo bí ó ṣe ròyìn Mali. Oúnjẹ wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì bínú sí ẹ̀bùn kékeré tí ọba fi ránṣẹ́ sí i. Ó kọ àwọn àṣà tí kò fẹ́ràn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbínú bo òtítọ́: ó tún kọ ọ́ pé wọ́n kórìíra ìwà àìtọ́, pé àlejò kò bẹ̀rù olè lójú ọ̀nà, àti pé wọn kì í fi ìrun àti kíkọ́ Àlùkùránì ṣeré. Àlejò tó ń ríran nìyẹn. Kò yin ìlú kọjá bó ti yẹ, kò sì tìtorí ẹ̀bùn kékeré sọ ohun rere di búburú.

Ohun márùn-ún tí ó yẹ kí á ṣe

1. *Kí á kọ́ èdè wọn.* Kì í ṣe ti ọjà nìkan, èyí tí a fi ń ka owó, bí kò ṣe èyí tí a fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè ni yóò gbọ́ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé.

2. *Kí ìwé wa pé, kí ó sì wà lọ́wọ́ wa.* Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ààyè láti wọ ìlú ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ṣùgbọ́n ìwọlé yàtọ̀ sí ìgbélùú, ìgbélùú sì yàtọ̀ sí òwò. Òfin tí Gáná ṣe ní 2013 fi títa ọjà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ ìlú nìkan. Láàárín 2018 sí 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bákan náà, Mali, Niger àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní, 2025. Kí ẹni tó ń lọ máa bèèrè òfin tó wà nílẹ̀ ní ọdún tó ń lọ, kí ó má gbára lé ìtàn ẹni tó lọ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má fi ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ì báà ṣe ẹni tó mú yín lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní òmìnira.

3. *Kí á rin ilẹ̀ náà.* Kò pọn dandan kí ó gba owó púpọ̀. Ẹni tó bá lè lọ sí ẹkùn kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láàárín ọdún díẹ̀ yóò mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ lọ. Kí á mú ìwé kékeré dání. Bí a bá dé ìlú kan, kí á kírun Jímọ̀ níbẹ̀, kí á kí Lèmọ́mù, kí á jẹ oúnjẹ wọn, kí á bèèrè ìtàn wọn. Kí á kọ ohun tó wù wá àti ohun tí kò wù wá, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n sọ pé wọ́n fi ń ṣe é.

4. *Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú má di ògiri.* Ẹgbẹ́ dára: òun ló ń sin òkú, òun ló ń gba ẹni tuntun sílé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀rẹ́ wa bá jẹ́ ará ilé, ọjọ́ tí ìlú bá gbóná, ta ni yóò jẹ́rìí sí ìwà wa láàárín àwọn onílẹ̀?

5. *Kí ọwọ́ wa mọ́.* Ẹyọ àlejò kan tó bá lu jìbìtì, ó ti ba orúkọ ẹgbẹ̀rún jẹ́. Ẹni tó sì pa àdéhùn mọ́, ó ń tún ọ̀nà ṣe fún ẹni tí kò tíì bí.

Ìkejì ọ̀rọ̀: nígbà tí a jẹ́ onílé

Ẹ̀kọ́ yìí kò pé bí a bá dúró ní 1969. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Nàìjíríà nígbà ayé Ààrẹ Shehu Shagari náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, ojú àlejò ni àwa náà sì kọ́kọ́ wò. Àwọn ọmọ Gáná tó jáde ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, tíṣà àti mẹkáníìkì, télọ̀ àti bíríkìlà. Nítorí pé ẹnubodè Gáná àti Tógò wà ní títì, ọ̀pọ̀ há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ni a ń pè ní Ghana-Must-Go títí di òní, tí a ń fi rẹ́rìn-ín, tí a kì í rántí ẹkún tó wà nínú rẹ̀. Ní 1985, wọ́n tún lé wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó dùn wá ní 1969 ni a ṣe fún ẹlòmíràn ní 1983. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, ọ̀rọ̀ ìwé náà ni, ìbẹ̀rù ebi kan náà ló sì fà á. Ẹ má jẹ́ kí á sọ pé ìjọba ló ṣe é. Ìjọba ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n ta ni ó ra ẹrù wọn ní owó pọ́ọ́kú? Ta ni ó jẹ wọ́n ní owó iṣẹ́, tí kò san án nítorí pé wọ́n ń lọ? Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò ní kú lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀.

Nítorí náà, ilé ni ìdánwò ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò ń bẹ ní àyíká wa lónìí: Hausa tó ń tún bàtà ṣe ní Bẹẹrẹ, ará Benin tó ń ṣe bíríkìlà, ọmọ Tógò tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé. Ǹjẹ́ a mọ orúkọ wọn àti ìlú wọn? Ìwé Mímọ́ wa kọ́ wa nínú Súúrátùl Hujuráátì pé torí kí á lè mọ ara wa ni Ọlọ́hun ṣe dá wa ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Ẹni tí kò lè mọ àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò dájú pé yóò mọ onílé tó bá lọ bá ní òkèèrè.

Ìbéèrè fún ìjókòó

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín onírìn-àjò àti olùgbé, kí ni olùgbé sì jẹ ìlú tó ń gbé?

2. Wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà agbo ilé rẹ: ta ni ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn nínú wọn, láti ibo? Ta ni ó lọ Gáná tàbí Abidjan, kí ni ó sì gbé padà wálé?

3. Bí o bá ń gbèrò àtilọ sí ìlú kan, dárúkọ ẹkùn mẹ́ta níbẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ, àti òfin kan tó kan àlejò. Bí o kò bá lè ṣe é, kí ni o ó ṣe kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì?

4. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bá àlejò kan ní àdúgbò rẹ sọ̀rọ̀. Bèèrè ìlú rẹ̀, kí o sì wá ròyìn rẹ̀ ní ìjókòó tó ń bọ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lájò, kí Ó mú àwọn tó fẹ́ padà bọ̀ wálé láyọ̀. Kí Ó la ojú wa, kí ojú wa má jẹ́ ti àlejò tí kò fi ríran. Àmín.